Iṣẹ́ Tí Oògùn Ń Rán Nínú Ara: Ìtàn Metformin Láti Inú Ewéko Dé Ọwọ́ Wa

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìlera, mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá. Ìtàn ni mo mú wá. Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Èmi náà fi kún un pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn oògùn tó ń lò, irọ́ tí wọ́n bá pa mọ́ oògùn náà ni yóò máa gbà gbọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí orí ara mi ló ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2011, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níhìn-ín ní Kàdúná, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní mo ní àtọ̀gbẹ. Metformin ni dókítà kọ fún mi: hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Mo lò ó fún bí ọdún kan. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni ẹnì kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní oògùn yẹn ló ń ba kíndìnrín àwọn ènìyàn jẹ́, ó ní àwọn òyìnbó pàápàá ti fòfin dè é lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe púrúǹtù. Èmi tí mo ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì kí n tó di òṣìṣẹ́ ìjọba, n kò bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Mo da ìyókù hóró náà sínú ṣáláńgá, mo bẹ̀rẹ̀ sí mu àgbo.

Lẹ́yìn oṣù méje, n kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́. Egbò kékeré tí bàtà dá sí mi lẹ́sẹ̀ kọ̀, kò jiná. Nígbà tí wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, 412 ni ẹ̀rọ kọ. Ìyàwó mi sunkún lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, egbò náà jiná, ojú náà sì padà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo sì ní àyè, mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí arákùnrin yẹn sọ kì í ṣe irọ́ láti òkè délẹ̀. Òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ẹlòmíràn ló ṣẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ìtàn náà nìyí.

EWÉKO TÍ ÀGÙNTÀN KÒ GBỌDỌ̀ JẸ

Ewéko kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní apá ìwọ̀-oòrùn Éṣíà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Galega officinalis. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀wà, òdòdó rẹ̀ sì máa ń funfun tàbí kó pọ́n bí àlùkò. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìkì ń pe wàrà ni wọ́n ti fa orúkọ Galega yọ, nítorí wọ́n gbà pé ó ń jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn ní wàrà sí i. Àwọn adáhunṣe ìgbà náà ń lò ó fún ibà, fún aràn, àti fún àjàkálẹ̀ àrùn.

Ewéko yìí kì í ṣe ẹran jíjẹ lásán. Ní ọdún 1891, wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà kí ó lè di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé májèlé ni fún àgùntàn. Lónìí, ìjọba Amẹ́ríkà ti kà á mọ́ àwọn èpò búburú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn kálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan ti ń sọ pé bó bá jẹ́ pé inú ewé ni oògùn yìí ti wá, kí á kúkú padà sídìí ewé náà. Ewé náà ló ń pa àgùntàn.

Ní ọdún 1914, Georges Tanret, ọmọ ilẹ̀ Faransé, yọ ohun kan jáde nínú irúgbìn rẹ̀, wọ́n pè é ní galegine. Ọmọ ìdílé kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ guanidine ni. Ní ọdún 1918, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Watanabe fún àwọn ehoro ní guanidine, ó sì rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó le jù fún ara, kò ṣe é fún ènìyàn.

Ẹ wo ọdún 1922 wàyí. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní ọdún náà, ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní abẹ́rẹ́ insulin. Òun ni ọlọ́tọ̀gbẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi insulin tọ́jú lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní ọdún kan náà, ní Trinity College ní ìlú Dublin, Emil Werner àti James Bell po kẹ́míkà kan pọ̀ tó jẹ́ ìbátan galegine. Kẹ́míkà ọ̀hún ni a ń pè ní metformin lónìí. Kò sí ẹni tó pariwo rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ ronú àtọ̀gbẹ rárá, iṣẹ́ kẹ́mísìrì ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọdún 1926, àwọn ará Jámánì mú òmíràn nínú ìdílé náà jáde tí wọ́n pè ní Synthalin. Ó mú ṣúgà wálẹ̀, àmọ́ ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni wọ́n bá pa á tì. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n rí i pé ó ń pa kòkòrò àrùn oorun. Ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n tọ̀ dé orí pentamidine, oògùn tí a ti lò púpọ̀ fún àrùn náà ní Áfíríkà. Ní ọdún 1929, Slotta àti Tschesche dán metformin wò lára ehoro ní ìlú Breslau. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mú ṣúgà wálẹ̀, àti pé kò le fún ara bíi ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n insulin ti gba gbogbo ọkàn. Wọ́n pa ìwé náà dé, fáìlì sì sùn fún nǹkan bí ogún ọdún. Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ bí fáìlì ṣe ń sùn.

PALUDRINE, ÒTÚTÙ ÀTI ÌWÉ ÌṢÈGÙN KAN NÍ MOROCCO

Ibà ló jí fáìlì náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Japan gba erékùṣù Java, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ igi kuníìnì ayé wà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí wá oògùn ibà mìíràn, wọ́n sì mú proguanil jáde ní ọdún 1945. Àwọn òbí tó ní ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS láàárín wa mọ̀ ọ́n dáadáa: Paludrine ni. Ọmọ ìdílé kan náà ni Paludrine àti metformin. Ìdílé yìí ti wà nínú ilé wa tipẹ́, a kò kàn mọ ìbátan wọn ni.

Ní ilẹ̀ Philippines, dókítà kan tó ń jẹ́ Eusebio Garcia lo metformin fún àwọn tí òtútù àti ọ̀fìnkìn líle ń bá jà, ní nǹkan bí ọdún 1949. Ó kíyè sí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wálẹ̀. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Jean Sterne, dókítà ọmọ Faransé. Nígbà tí Sterne ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní ilé ìwòsàn Pitié ní Paris, ó ti bá wọn dán galegine wò, wọn kò rí ojú rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Òun àti Denise Duval tún àwọn ìdílé náà yẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ, metformin ni wọ́n sì mú. Ní ọdún 1957, Sterne tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Inú ìwé ìṣègùn kan tí ń jẹ́ Maroc Médical, ní ilẹ̀ Morocco, níhìn-ín ní Áfíríkà wa, ni ìròyìn náà ti jáde. Ó pe oògùn náà ní Glucophage, ìyẹn ajẹṣúgà. Ní ọdún 1958, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

ỌMỌ ÌYÁ TÓ BA ORÚKỌ ILÉ JẸ́

Ní àkókò kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan jáde ní Amẹ́ríkà, phenformin ni orúkọ rẹ̀. Phenformin lágbára ju metformin lọ, nítorí náà òun ni ọjà rà. Ṣùgbọ́n nínú ara àwọn kan, ó máa ń jẹ́ kí ásíìdì kan tí ń jẹ́ lactic acid pọ̀ jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ní ọdún 1977, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Orílẹ̀-èdè mìíràn tẹ̀ lé e.

Ibí yìí ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ arákùnrin ìsọmọlórúkọ yẹn wà. Lóòótọ́ ni àwọn òyìnbó fòfin de oògùn kan. Phenformin ni wọ́n dè, kì í ṣe metformin. Orúkọ wọn jọra, ìdílé wọn jọra. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò yéé lo metformin, àmọ́ Amẹ́ríkà kò fún un ní ìwé àṣẹ títí di ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 1994. Láti 1957 dé 1994, ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 37.

Kí ló fà á tí ọ̀kan fi pa ènìyàn tí èkejì kò sì ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ló ń tú phenformin palẹ̀, àwọn ènìyàn kan sì wà tí ẹ̀dọ̀ wọn kò tètè tú u láti ìbí wọn, ni oògùn bá ń ga nínú ara. Metformin kì í dúró kí ẹ̀dọ̀ tú òun. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde, kíndìnrín sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnu ọ̀nà bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, oògùn á pọ̀ jọ sínú ilé, ìyẹn sì léwu. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń yẹ kíndìnrín wò, tó sì máa ń dín in kù tàbí kó dá a dúró fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀. Àwọn ènìyàn rí i pé wọ́n gba metformin lọ́wọ́ ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, wọ́n wá ní òun ló fa àrùn náà. Ó dà bí ìgbà tí a bá rí panápaná níbi tí ilé ti ń jó, tí a ní òun ló dáná sun ún. Ṣúgà tó ga fún ìgbà pípẹ́ gan-an ni olórí ohun tó ń ba kíndìnrín ọlọ́tọ̀gbẹ jẹ́, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí ńlá wá jáde ní ọdún 1998. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láti ọdún 1977 lórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, iye wọn jẹ́ 5,102. Nínú wọn, àwọn 342 tó sanra jù bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ní metformin. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn 411 tí wọ́n ní kí wọ́n kàn máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ, ikú tó ti inú àtọ̀gbẹ wá dín kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Ikú láti ọ̀nà gbogbo dín kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 1929 ni mò ń sọ.

SÀKÚLÀ INÚ SẸ́Ẹ̀LÌ

Ẹ gbọ́ èyí tó jọ mí lójú jù. Ní ọdún 1998 yẹn, lẹ́yìn ogójì ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń gbé e mì, kò sí ẹni tó lè sọ ní pàtó bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oògùn máa ń lọ bá ohun tí wọ́n fẹ́ dá dúró, wọ́n á dì í mú. Metformin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló máa ń rán. Ọ̀nà tí mo lè gbà ṣàlàyé rẹ̀ ni ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba tí mo fi ọdún 32 ṣe.

Ara wa kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí á fi sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ kan. Nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ iná wà, mitochondria ni wọ́n ń pè é. Ohun tí iná yẹn ń mú wá ni ATP, òun sì ni owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná. Bí wọ́n bá ná ATP tán, AMP ni ìwé gbèsè tó máa ń kù. Akápò kan wà tí ń jẹ́ AMPK. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo bí ìwé gbèsè ṣe pọ̀ sí.

Ilé-iṣẹ́ mìíràn tún wà, ẹ pè é ní Iṣẹ́ Òde. Òun ló ń fọwọ́ sí ilé tuntun, afárá tuntun, òpópónà tuntun. Purotéènì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ni mTOR. Bí oúnjẹ bá pọ̀, mTOR á pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa dàgbà, kí ó máa kọ́lé, kí ó sì dá gbígbá ilẹ̀ àti kíkó pàǹtírí dúró ná. Àṣẹ yẹn dára lásìkò tirẹ̀. Àmọ́ nínú ara ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ń ná lọ, mTOR kì í sinmi, bó bá sì pẹ́, ariwo iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbọ́ ohun tí insulin ń sọ.

Ibi tí wọ́n ti mọ mTOR gan-an jìnnà. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ láti Kánádà lọ sí erékùṣù Rapa Nui tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì, wọ́n bu erùpẹ̀ ibẹ̀. Nínú kòkòrò tó wà nínú erùpẹ̀ náà ni Suren Sehgal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal ti rí ohun kan tí wọ́n fi orúkọ erékùṣù náà pè ní rapamycin. Ní ọdún 1991, ní Basel ní Switzerland, Joseph Heitman, Rao Movva àti Michael Hall fi ìwúkàrà wádìí ohun tí rapamycin ń dì mú, wọ́n sì pè é ní TOR. Ní ọdún 1994, wọ́n rí irú rẹ̀ nínú ara ẹranko afọ́mọlọ́yàn àti ènìyàn, òun ni mTOR. Rapamycin máa ń mú ẹnì kejì dání, á lọ bá mTOR nínú ọ́fíìsì rẹ̀, á sì fà á lẹ́wù.

Metformin kò dé ọ́fíìsì yẹn rárá. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ilé-iṣẹ́ iná ló ń lọ, tó sì ń dín iná kù díẹ̀, bí ìgbà tí NEPA bá fún wa ní iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Owó tó ń wọlé á dín kù, ìwé gbèsè á pọ̀ sí i. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé akápò AMPK máa ń jí bí metformin bá wọlé. Kí ni akápò máa ń ṣe bí àpò ìjọba bá gbẹ? Òǹtẹ̀ ló máa ń gbé. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni fọ́sífétì kékeré kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn lára. Ní ọdún 2003, Ken Inoki àti Kun-Liang Guan ní Michigan fi hàn pé AMPK máa ń lu òǹtẹ̀ yìí mọ́ purotéènì kan tí ń jẹ́ TSC2. TSC2 tó gba òǹtẹ̀ á lọ pa Rheb lẹ́nu mọ́. Rheb yìí ló máa ń ti mTOR síṣẹ́. Ní ọdún 2008, Reuben Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tún rí òǹtẹ̀ kejì: AMPK máa ń lu òǹtẹ̀ mọ́ raptor, akọ̀wé tó jókòó ti mTOR.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìjọba rí, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Sàkúlà ni. Kò sí ẹni tó gbá ọ̀gá Iṣẹ́ Òde létí. Iná ló dín kù, akápò rí gbèsè, ó lu òǹtẹ̀, ìwé náà ti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì, nígbà tó sì dé orí tábìlì ọ̀gá, wọ́n ti dá ilé kíkọ́ dúró. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìdí sì nìyí tí metformin fi rọ̀ mọ́ni lára ju àwọn tó ń fi ipá mú nǹkan. Àwọn tí wọn kò ní láti gún insulin mọ́ ọn kì í sábà dákú nítorí rẹ̀, nítorí kì í fi agbára lé ṣúgà jáde. Ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó dín ṣúgà tó ń ṣe kù ni.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìtàn náà ti parí síbẹ̀. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan láti Paris fi hàn pé eku tí kò ní AMPK nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ metformin. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn rí i pé metformin lè pa mTOR lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní AMPK, nípasẹ̀ àwọn purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Rag. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Xiamen ní ilẹ̀ Ṣáínà rí purotéènì mìíràn tí metformin ń dì mọ́ nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré, PEN2 ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò inú ìgò náà ló sì lo ìwọ̀n tó ju èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa lọ fíìfíì.

Èyí kan ohun tí mo tún gbọ́ láàárín wa, pé metformin ń wo jẹjẹrẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kò ṣòro láti rí. Bí mTOR bá ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, tí jẹjẹrẹ sì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ìgbà tí yóò dá ìdàgbà dúró, ó jọ pé ohun tó bá pa mTOR lẹ́nu mọ́ yóò pa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Dundee kíyè sí i pé jẹjẹrẹ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọlọ́tọ̀gbẹ tó ń lo metformin. Ayé yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí ènìyàn 3,649 tó ní jẹjẹrẹ ọmú tí wọn kò sì ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún àwọn kan ní metformin, wọ́n fún àwọn kan ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Metformin kò dá jẹjẹrẹ náà dúró kó má padà wá. Ohun tó bá ọgbọ́n mu lórí ìwé lè má bá ara mu. A wọ̀n ọ́n kí a tó mọ̀.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Galegine, Synthalin, phenformin, metformin, ìdílé kan ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ń pa àgùntàn, ọ̀kan ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ọ̀kan pa ènìyàn, ọ̀kan sì ń gba ẹ̀mí là. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó dára nínú wọn. Ehoro, ìwọ̀n, òǹkà àti ọgọ́rùn-ún ọdún sùúrù ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, n kò bú àgbo. Ewé ni ìyá metformin. Ohun tí mò ń sọ ni pé àgbo tí mo mu fún oṣù méje, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, èmi náà kò sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ẹ̀yin tó ń lò ó, ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí ó lè da inú rú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa yẹ kíndìnrín yín wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọdún púpọ̀, kí ó ní kí wọ́n wo fítámì B12 rẹ̀, nítorí oògùn náà lè dín in kù, ẹsẹ̀ á sì máa ta ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ bi í léèrè ohun tí èmi kò béèrè: níbo lo ti gbọ́ ọ?

Mo ní àbá kan fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á fi díẹ̀ nínú owó ìpàdé ra ẹ̀rọ ìwọnṣúgà kan àti èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sì máa yẹ wá wò ní gbogbo ìpàdé oṣù kí á tó pín jọ́lọ́ọ̀fù. Láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, a ti sin àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọn kò mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń bẹ lára wọn títí ọ̀ràn fi bẹ́yìn yọ. Owó aṣọ ẹbí ìsìnkú ẹnì kan ṣoṣo ju owó ẹ̀rọ méjèèjì lọ.